Súkúrù Tí Kò Wọlé: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nígbà Tí A Jọ Ṣe Fáìsì Ọgbọ̀n

Súkúrù náà kọ̀, kò wọlé. Mo tì í, mo yí i sọ́tùn-ún díẹ̀, mo yí i sósì, imú rẹ̀ kàn ń fẹnu kan ihò lásán ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó di irin kejì mú níwájú mi wò mí lójú, ó ní, "Súkúrù yín ti tóbi jù." N kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Ihò yín ló kéré," ni mo dá a lóhùn. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárín ọ̀wọ́ méjì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì kọjá "ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Àwa méjìdínlógún la jọ ń kọ́ iṣẹ́ gbígbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, iṣẹ́ wa kò ju pé kí kálukú gba irin kan, kí ó gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n tó wà nínú àwòrán, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ó sì kó o fún olùkọ́. Olùkọ́ á wọ̀n ọ́n, á fún ọ ní máàkì, irin náà á di ti inú àpótí. Kò sẹ́ni tó tún máa bi ọ́ léèrè rẹ̀ mọ́. Bí o bá fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ṣì í, bóyá máàkì méjì ni wàá pàdánù. Mo máa ń gba máàkì tó dáa. Mo sì gbà pé mo ti mọ iṣẹ́.

Ọdún kejì ni olùkọ́ gbé àwòrán fáìsì kékeré kan kalẹ̀, ìyẹn irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń di nǹkan mú pinpin kí a lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ó ní ọgbọ̀n ni a máa ṣe, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wákàtí mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀. Ó pín wa sí ọ̀wọ́ márùn-ún. Ènìyàn márùn-ún bọ́ sídìí ara fáìsì, mẹ́rin sídìí ẹnu rẹ̀ tó ń rìn, mẹ́rin sídìí súkúrù, mẹ́ta sídìí àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń dè mọ́ ojú ẹnu méjèèjì, méjì sì ń ṣe ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí i. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ni ó wí. A rẹ́rìn-ín, nítorí a ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wa. Ohun tí òwe yẹn kò sọ ni bí ó ṣe máa ń dun àyà tó nígbà tí ìka kan nínú àwọn tí a gbájọ bá ti yẹ̀.

Súkúrù ló kan ọ̀wọ́ tèmi. Irin rọ́bọ́tọ́ mìlímítà 16 la fi bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ máa dúró ní 16 bẹ́ẹ̀, àárín rẹ̀ máa di 12 kí a lè gé eyín M12, ìyẹn eyín súkúrù oní-mìlímítà 12, sí i, imú rẹ̀ sì máa di 8. Imú yìí ni yóò wọ inú ihò ẹnu tó ń rìn, tí yóò máa yí nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ń dè é tàbí tí wọ́n ń tú u. Àwòrán ní kí ihò náà wà láàárín 8.000 sí 8.015, kí imú súkúrù sì wà láàárín 7.972 sí 7.987. Irun orí ọ̀pọ̀ ènìyàn nípọn ju àlàfo tó máa wà láàárín àwọn méjèèjì lọ.

Olùkọ́ kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan lathe, ẹ̀rọ tó máa ń yí irin po kí ọ̀bẹ lè gbẹ́ ẹ, kí a tó ṣírò eré tí irin máa sá. Irin rírọ̀ tí a fi ọ̀bẹ HSS (irin líle tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ ẹ̀rọ) gbẹ́ fẹ́ nǹkan bíi mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan. Wàá fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀, wàá fi 3.14 àti ìbú irin pín in. Irin 16 fẹ́ yíyí bí 500 ní ìṣẹ́jú kan, irin 8 fẹ́ bí 1000. Mo mọ ìṣirò yìí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, mo ti fi yege ìdánwò. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì, ojú kánjú kánjú mú kí n fi eré 500 kan náà gbẹ́ imú lẹ́yìn tí mo ti gbẹ́ ara tán. Ara irin ń dán, imú rẹ̀ wá ya pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ kan náà, ọ̀bẹ kan náà, irin kan náà. Ìgbà tí mo rí ojú méjèèjì lórí irin kan ṣoṣo ni ìṣirò yẹn tó di tèmi.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ba irin jẹ́ gan-an tún yàtọ̀. Lathe méjì la ní. Lórí ọ̀kan, bí o bá yí òǹkà tó ń ti ọ̀bẹ lọ síwájú ní 0.5, 0.5 ló máa dín nínú ìbú irin. Lórí èkejì, 0.5 tí o yí jẹ́ ìrìn ọ̀bẹ nìkan; nígbà tí irin sì ń yí po, ọ̀tún máa dín 0.5, òsì máa dín 0.5, àpapọ̀ rẹ̀ mìlímítà kan gbáko. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Mo ti lo ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó ní kí n bọ́ sórí èkejì. Ó ku 0.5 kí imú dé 8, mo yí òǹkà ní 0.5, mo sì gbé 7.5 jáde. Irin tí a ti gé kúrò kì í padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ẹ̀rọ lẹ́yìn mi lẹ ìwé kékeré mọ́ ara lathe náà: "Ìlọ́po méjì ni." Ìwé yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí a fi parí.

Ti eyín súkúrù náà ní ìtàn tirẹ̀. Inú àpótí kan náà ni wọ́n kó àwọn ohun ìgéyín sí, méjì nínú wọn ni wọ́n kọ M12 sí lára. Ọ̀kan jẹ́ 1.75, ìyẹn ni pé 1.75 mìlímítà ló wà láàárín eyín kan sí èkejì. Ìkejì jẹ́ 1.5. Ẹnì kan nínú wa mú 1.5. Nọ́ọ̀tì tí a fi dán an wò wọ̀ ọ́, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì há pátápátá. Olùkọ́ dá gbogbo wa dúró lọ́jọ́ náà, ó sọ fún wa pé nígbà kan rí, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gé eyín tirẹ̀ bó ṣe wù ú, nọ́ọ̀tì ilé kan kì í wọ bóòtì ilé kejì. Ní ọdún 1841 ni Joseph Whitworth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé kí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan lórí eyín kan náà, tí igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 55. Eyín M tí a ń gé lónìí, 60 ni igun tirẹ̀. Èmi, ohun tí mo gbọ́ nínú ìtàn náà ni pé ìjà nọ́ọ̀tì àti bóòtì kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ọ̀wọ́ wa tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kì í yára. Bí èmi bá ti gbé súkúrù méjì sílẹ̀, òun á ṣì máa nu ẹnu chuck, ohun tó ń di irin mú lórí lathe. Òun ló takú pé a kò gbọdọ̀ fi irin kankan sílẹ̀ láìlu ihò kékeré sí àárín gbùngbùn orí àti ìdí rẹ̀, irú ihò tí ẹnu ṣóńṣó máa ń wọ̀ kí irin lè yí láàárín ṣóńṣó méjì. Àwòrán kò béèrè fún un. Mo ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó ní, "A ò mọ̀ bóyá a máa tún dá a padà sórí ẹ̀rọ." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń kọ nọ́ńbà súkúrù kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, èmi ni. Ojú mi yára láti ka micrometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn irin, nítorí náà èmi ni wọ́n fi jẹ oyè náà, mo sì gbà á tayọ̀tayọ̀.

Lópin ọ̀sẹ̀ kejì, súkúrù 22 ti jókòó sínú àpótí wa. Mẹ́ta mìíràn wà lọ́tọ̀ tí mo ti kọ̀, torí pé mo kà wọ́n sí 7.95, wọ́n ti kéré jù. A ń yan fanda. Mo wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ara fáìsì, mẹ́ta péré ni wọ́n tíì rí ṣe parí. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ojú ṣì ń tì mí láti rántí: mo ní bóyá wọ́n ń sùn nídìí ẹ̀rọ ni. Olùkọ́ gbọ́. Kò bá mi wí rárá. Ó kàn ní kí n mú ìwé àti gègé, kí n lọ dúró tì wọ́n, kí n máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe àti ìṣẹ́jú tó gbà.

Mo dúró tì wọ́n fún odidi ọjọ́ kan. Ara fáìsì kan gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú 95. Nínú 95 yìí, ọ̀bẹ kò gé irin ju bí 40 lọ. Ìyókù lọ sórí títú irin sílẹ̀, nínu rẹ̀, yíyí i padà, dídè é, wíwá etí rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tó ti máa ka ìwọ̀n, yíyọ ọ̀bẹ ńlá, fífi dírìlì sí i, yíyọ dírìlì, dídá ọ̀bẹ ńlá padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń de irin kan ṣoṣo kó tó parí. Ẹ̀rọ milling, tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń yí nígbà tí irin wà ní dídè, kan péré ló sì wà. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìwé: fáìsì 27 tó kù yóò gba nǹkan bíi wákàtí 43. Wákàtí 36 ló kù fún gbogbo iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó ń sùn. Bí wọ́n tilẹ̀ fi iná sábẹ́ ìjókòó wọn, wọn kò lè parí.

Olùkọ́ wo ìwé náà, ó bi mí pé, "Súkúrù mélòó lẹ ní?" Mo ní méjìlélógún. Ó ní, "Fáìsì mélòó nìyẹn?" N kò rí nǹkan sọ. Ó pàṣẹ pé kí ọ̀wọ́ súkúrù dá iṣẹ́ dúró, kí a lọ ran àwọn tó ń ṣe ara fáìsì lọ́wọ́. Ó dùn wá gan-an. Ó dà bíi pé wọ́n ń fìyà jẹ wá nítorí pé a yára.

Àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì jókòó, a sì tún bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà tò. Dípò kí wọ́n ṣe ara fáìsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n tó mú òmíràn, wọ́n máa ṣe ìgbésẹ̀ kan náà lára gbogbo irin tó kù kí wọ́n tó yí ẹ̀rọ padà. A de irin kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ìdádúró. Bí irin kọ̀ọ̀kan bá ti fẹ̀yìn tì í, ó ti wà níbi tó yẹ, kò sí pé à ń wá etí mọ́. Àwa tó ti ọ̀wọ́ súkúrù wá ń fi ayùn gé irin sílẹ̀, à ń yọ irin mímú wẹ́wẹ́ tó máa ń kù létí lẹ́yìn tí ọ̀bẹ bá ti kọjá, à ń nù ún, à ń gbé e sún mọ́ wọn. Ìṣẹ́jú 95 já sí bíi 55. Ó jọ idán lójú mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní eyín tirẹ̀ tó ń buni jẹ. Tí o bá ń ṣe wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe rẹ kò kọjá irin kan. Bí o bá to 27 jọ, tí ìdádúró sì yẹ̀ tàbí tí ẹnì kan ka àwòrán lódì, 27 lo máa bà jẹ́ kí o tó gbórí sókè. Torí náà ni olùkọ́ ṣe gbé òfin kan kalẹ̀: irin àkọ́kọ́ nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ mìíràn ló gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú irinṣẹ́ tiwọn, kí a tó ṣe ìkejì. A kùn. A ní ó kàn máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn ni. Àwa tí a ti ṣe súkúrù 22 láìfi ọ̀kan han ẹnikẹ́ni!

Lópin ọ̀sẹ̀ kẹta ni àwọn tó ń ṣe ẹnu tó ń rìn gbé márùn-ún àkọ́kọ́ wá, tí a sì ní kí a kó ọ̀kan jọ kí a wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí.

Súkúrù kejì náà kò wọlé. Ìkẹta kò wọlé. Ohùn wa ti ń lọ sókè kí olùkọ́ tó dé. Kò dá sí ẹjọ́ náà. Ó mú géèjì kan jáde nínú àpótí rẹ̀, irin rọ́bọ́tọ́ oníṣẹ́ méjì: ìdí kan gbọ́dọ̀ wọ ihò 8, ìdí kejì kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ó fi wo ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yẹ kó wọlé wọlé wọ́ọ́rọ́, èyí tí kò yẹ kó wọlé dúró síta. Márààrún ló dáa. Lóòótọ́, wọn kò fi dírìlì nìkan lu ihò náà. Wọ́n fi dírìlì 7.8 ṣí i, wọ́n sì fi reamer, irinṣẹ́ tó ń mú ihò dé ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, gbé e dé 8, pẹ̀lú òróró, ní eré ìdajì. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́.

Ó wá yíjú sí wa. "Ta ló wọn súkúrù wọ̀nyí?"

Àwọn mẹ́ta tó kù nínú ọ̀wọ́ mi wo ilẹ̀. Kò sí èyí tó dárúkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ mi sì wà lójú ìwé ọmọbìnrin yẹn ní ìgbà 25.

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Mú micrometer rẹ wá. Má wọn nǹkan kan. Kàn pa ẹnu rẹ̀ dé, kí o ka ohun tí o bá rí fún mi."

Mo nu ẹnu rẹ̀ méjèèjì, mo yí i títí tó fi dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ó yẹ kí ìlà òdo kan ìlà òdo. Ó ti kọjá òdo lọ sẹ́yìn pẹ̀lú ìlà mẹ́ta. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.01. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí mo kà á sí 7.98, 8.01 ni irin náà jẹ́ ní tòótọ́. Bóyá ó ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan rí, bóyá ẹnì kan ti lò ó gẹ́gẹ́ bí kílámúpù, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò pa ẹnu rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n wò ó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Apá tó pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn: àwọn mẹ́ta tí mo ti yà sọ́tọ̀ pé wọ́n bàjẹ́, tí mo kà sí 7.95, 7.98 gan-an ni wọ́n. Àwọn nìkan ló wọlé. Mo ti ń kó ire dànù, mo ń to ibi jọ sínú àpótí, mo tún ń fi yangàn.

Ohun kan ló yọ wá: ó tóbi jù, kò kéré jù. Èyí tó tóbi jù, a ṣì lè gé e. Ṣùgbọ́n báwo ni wàá ṣe dá súkúrù tó ti kúrò lórí ẹ̀rọ padà sí ojú kan náà? Tí o bá tún fi chuck ẹlẹ́nu mẹ́ta mú un, kò ní yí ní àárín gbùngbùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Imú rẹ̀ á máa jó bí òòyì. Gbogbo wa ń wo ara wa. Ọmọbìnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ó mú súkúrù kan, ó yí orí rẹ̀ sí wa, ó fi ìka tọ́ka sí ihò kékeré tó wà láàárín rẹ̀.

Bí a ṣe gbé gbogbo wọn sáàárín ṣóńṣó méjì nìyẹn, tí wọ́n sì ń yí bí ẹni pé wọn kò kúrò lórí ẹ̀rọ rí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí wàhálà, kí n ṣáà jẹ́ kí òun máa nu ẹnu chuck bó ṣe wu òun.

Yíyọ 0.03 kò rọrùn bí a ṣe rò. 0.015 ló kàn ọ̀bẹ láti wọ̀. Ọ̀bẹ tí kò mú dáadáa kì í gé ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń fẹ̀yìn ra irin, irin á máa gbóná, á sì máa dán lórí irọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣàdédé gé lójijì ju bí o ṣe fẹ́ lọ. Olùkọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ HSS tán, tí a tún ń fi òkúta ìpọ́nbẹ olóróró fa ẹnu rẹ̀ títí tí yóò fi gé èékánná ní fífọwọ́kàn. Àwọn kan nínú wa kò ní sùúrù fún ìyẹn, sáńpépà ni wọ́n fi ń rin imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi wà lára àwọn aláìnísùúrù náà. Súkúrù méjì kéré jù, a kó wọn dànù. Ogún bọ́.

Ìwọ̀n kò wá fi wá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Àwọn tó ń ṣe ẹnu tó ń rìn, tí ẹnu wọn gbòòrò sí wa nítorí ihò wọn tó dáa, gbẹ́ ìbú irin wọn dé 40 ní ọ̀sán, ó rí bó ṣe yẹ. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan bíi 0.02 ti dín nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án lóru. Irin tó gbóná máa ń wú ni: ara irin 40 mìlímítà tó fi dígírì 40 gbóná ju yàrá lọ yóò fi bíi 0.018 tóbi sí i. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwọ̀n inú àwòrán fi jẹ́ ti irin tó wà ní ìwọ̀n ooru dígírì 20 Celsius. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi irin sílẹ̀ kó tutù kí wọ́n tó gé ti ìkẹyìn. A ò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní ẹnu.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìdádúró orí milling náà ṣe tirẹ̀. Èérún irin kan, tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, há sáàárín ìdádúró àti irin, kò sẹ́ni tó rí i. Ara fáìsì mẹ́rin ni wọ́n lu ihò súkúrù wọn kí wọ́n tó mọ̀, ihò náà sì fi 0.4 yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin àkọ́kọ́ ti dáa nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èérún wọlé. Ẹnì kan dábàá pé kí a ṣí ihò ẹnu tó ń rìn ti mẹ́rin yẹn ní gbígbòòrò díẹ̀, kí súkúrù lè rọra yẹ̀ sí i. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Olùkọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu mẹ́rin yẹn kò ní lè wọ fáìsì mìíràn láéláé, àwọn mẹ́rin yẹn á di ọkọ àti aya tí kò lè kọ ara wọn. Irin 32 la gé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; mẹ́rin lọ, 28 kù. Báyìí ni fáìsì ọgbọ̀n ṣe di méjìdínlọ́gbọ̀n. Láti ìgbà náà, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú ìdádúró kí wọ́n tó gbé irin sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọwọ́ gbá a, wọ́n á lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, torí pé èérún irin máa ń ya ọwọ́ ju abẹ lọ.

Àwa náà ṣe súkúrù márùn-ún tó kù, èyí tí a fi pé 28. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ọmọbìnrin náà á pa ẹnu micrometer dé, á sì kọ ohun tó rí sórí pátákó. Súkúrù àkọ́kọ́ nínú márùn-ún náà kò dé inú àpótí. Mo gbé e lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn oníhò, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó. Ó wọlé, ó yí, kò sì mì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá jà kò sọ nǹkan kan, ó kàn dá a padà fún mi, ó ní kí n lọ ṣe ìyókù.

Lọ́jọ́ ìparí, a to fáìsì 28 sórí tábìlì. A rò pé olùkọ́ máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì fún wa ní máàkì. Ó mú mẹ́wàá, ó tú wọn palẹ̀ pátápátá, ó da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan, ó pò ó pọ̀. Ó wá pe ọmọ ọdún àkọ́kọ́ kan tó ń kọjá, ó ní, "Wá kó fáìsì mẹ́wàá jọ fún mi látinú ibí yìí. O kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan lu nǹkan kan."

Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ náà kò mọ súkúrù tó jẹ́ ti èwo, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀. Ó kó àkọ́kọ́ jọ, ó yí i, ó ń rìn. Ó kó èkejì. A bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí àwọn tó ń ka góòlù. Ní orí ìkeje, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Súkúrù náà wọlé dáadáa títí ó fi ku bíi mìlímítà méjì, ibẹ̀ ló há sí. Ó gbìyànjú rẹ̀ nínú ẹnu mìíràn, ibì kan náà ló há sí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú òmíràn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Mẹ́sàn-án ló bọ́ sí i.

Mo lọ gbé èyí tó há. Nọ́ńbà 14, ó wà lára rẹ̀. Mo pa ẹnu micrometer dé ná, mo wo òdo, ó dúró níbi tó yẹ. Ní ṣóńṣó imú súkúrù náà, 7.97. Níbi tí imú ti pàdé ara, nínú kọ̀rọ̀ tí géèjì wa ti nípọn jù láti dé, 8.00. Sáńpépà ló ṣe é, ọwọ́ tó sì di sáńpépà náà mú, mo mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ìwé nọ́ńbà 14, ó na gègé sí mi kí n kọ ìwọ̀n méjèèjì sí i fúnra mi.